Ẹ Jẹ́ Kí Ó Máa Kán

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, nígbà tí mo ṣì kéré, omi kì í wá bá wa nílé, àwa la máa ń lọ bá a. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán la ti gba ọ̀nà odò lọ, ìkòkò á sì wúwo lórí mi débi pé ọrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú àyà. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ìyá mi á máa yọjú wo ìsàlẹ̀ àmù bí ẹni ń wo ojú aláìsàn. Tí òjò bá ń rọ̀, a ó to ìkòkò sábẹ́ etí òrùlé kí ẹ̀kán kan má baà bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fi omi ṣòfò nílé wa, ó gbé! Ìlú kan náà ni wọ́n ti tọ́ èmi àti bàbá àgbà yín, odò kan náà la sì pọn.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ o. Ní ọ̀tútù èṣí, níbí ní Decatur nílùú òyìnbó, ìròyìn ní yìnyín ń bọ̀. Ìyá yín ń múra shift alẹ́ lọ́sibítù, àbúrò yín jòjòló wà lọ́wọ́ mi, kò tíì pé oṣù méjì. Kí ìyá yín tó jáde, ó yí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná díẹ̀, ó ń kán tó, tó, tó. Ó tún ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ooru heater lè dé ara páìpù.

Ó ní, “Mummy, Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á o. Omi tó bá ń rìn kì í tètè dì. Tó bá dì, páìpù lè bẹ́, kò sì sí plumber tó máa lè gba orí yìnyín wá tún un ṣe.”

Bàbá àgbà yín gbọ́, àmọ́ etí ló gbọ́, ọkàn ò gbà. Bí omi ṣe ń kán, àyà wọn ló ń kán lé. Mo ṣí i, wọ́n pa á. Mo tún ṣí i.

Wọ́n ní, “Omi mímu! Ìyá mi á bínú sí mi láti ọ̀run.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé ọmọ wọ yàrá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ilẹ̀ mọ́, títì ti funfun báláú. Ìyá yín pè pé òun ò lè kúrò lọ́sibítù. Mo fẹ́ po oúnjẹ ọmọ, ẹ̀rọ ò kán. Mo yí i títí dé òpin, omi ò wá. Àyà mi já pàà! Mo bojú wẹ̀yìn, bàbá àgbà yín ò lè wò mí lójú: wọ́n ti dìde lóru pa á. Háà, mo pariwo! Ìwọ̀nba omi inú fúláàsì ni mo fi po oúnjẹ ọmọ, ẹ̀rù sì ń bà mí. Tí páìpù bá bẹ́ nínú ògiri, tí omi gba ilé, tí yìnyín wà lóde, ibo la fẹ́ gbé ọmọ tuntun gbà?

Bàbá àgbà yín lọ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ ẹ̀rọ omi. Wọ́n kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n ki orí bọ kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n mú ẹ̀rọ tí ìyá yín fi ń gbẹ irun, wọ́n ń fẹ́ ooru sí páìpù. Mo ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀, mo ń gbàdúrà, mo ń ráhùn, mo tún ń gbàdúrà. Ó pẹ́ gan-an kí ó tó kán ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà lomi ya wá. Páìpù ò bẹ́! Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìkòkò ìyá mi. Mo dín omi náà kù kí ó máa kán, mo gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Daddy, ẹ wò ó, kò ṣòfò mọ́.” Omi yẹn la fi fọ aṣọ ọmọ, òun la fi se ìrẹsì, ọkàn bàbá àgbà yín sì balẹ̀.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Tí ìyá mi bá gbọ́ tí omi ń kán, wọn kì í lè jókòó. Lónìí, èmi ni mi ò lè jókòó tí mi ò bá gbọ́ ọ. Ìròyìn tún ti ní yìnyín ń bọ̀, àyà mi sì tún ti ń já. Mo sáré dé ilé ìdáná, bàbá àgbà yín ti ṣáájú mi: ẹ̀rọ ń kán, bàsíà wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé àga tì í, wọ́n ń ṣọ́ ọ.