Ọwọ́ Mi Nínú Àwòrán Ìrìbọmi

Mo wà ní kíláàsì kẹta ní ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù tí àwọn ọmọbìnrin ń lọ ní Ìlọrin nígbà tí tíṣà tó ń kọ́ wa ní àwòrán ya ìrìbọmi ọ̀rẹ́ mi. Inú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré àtijọ́ tí àwọn òyìnbó àkọ́kọ́ fi amọ̀ kọ́ sínú ọgbà wa ni wọ́n ti ṣe é, aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀, àbẹ́là lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlara fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ di onígbàgbọ́ o. Kí gbogbo ènìyàn wo èmi náà bẹ́ẹ̀ ni mo ń fẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi a máa fi eyín gé èékánná rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi yọ. Tíṣà ya ojú rẹ̀ tán, ó ní òun ò lè ya irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ó bá ní kí n wá jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, kí n di àbẹ́là náà mú. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìgbéyàwó nílé wa ní àdúgbò Gàmbàrí, làálì ṣì pupa fòò ní ìka mi. Bàbá mi, àáfáà tó ní ilé kéwú, ti sọ pé ọjọ́ tí òun bá gbọ́ pé mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni ìwé mi parí. Mo mọ̀, mo sì lọ. Ọ̀sán mẹ́ta ni mo fi jókòó níbẹ̀, ohun tí tíṣà rí ló sì yà, tòun ti làálì.

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá kí wa, wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sí gbọ̀ngàn. Gbogbo wọn ń dì mọ́ ọ̀rẹ́ mi, òun náà ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà á. Kò tilẹ̀ wo ibi tí mo wà. Ó ń ṣe mí bíi kí n pariwo pé èmi ni mo ni ọwọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìyá mi dúró tì mí.

“Máṣà Allah,” ni ìyá mi wí, “ọmọ yìí mà lẹ́wà o.”

Ìyá tó bí mi! Mo ki ọwọ́ mi bọ abẹ́ ìborùn.

Nígbà tí mo sìn ín dé géètì, ó fa ọwọ́ mi jáde, ó wo ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Làálì náà ò tíì ṣá tán.

“Èmi tí mo gún un, ṣé n ò ní mọ ọwọ́ tí mo lé e sí?” ó ní. “Bàbá ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́.” Ó wá rẹ́rìn-ín. “Ọwọ́ yẹn dáa ju ojú yẹn lọ, wallahi.”

Mo padà sí gbọ̀ngàn, mo lọ dúró ti àwòrán náà. Mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó di àbẹ́là mú, mo ń retí kí ọ̀rẹ́ mi wo apá ọ̀dọ̀ mi.