Òkúta Wẹ́wẹ́ Tí Mo Gbá Dànù

Àwọn ọmọ mi máa ń pè mí láti Kùtọnu pé kí n jókòó jẹ́ẹ́. Àga wà lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé mi lóòótọ́, àmọ́ kí n tó mu kọfí mi dé ìdajì, ara mi á ti máa yún mi láti dìde. Iṣẹ́ tí mo ṣe gbẹ̀yìn ló fi àrùn yìí sí mi lára.

Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì, ìjọba ìbílẹ̀ ní kí n wá máa bójú tó àwọn ọgbà ìgbafẹ́ àti ibi ìṣeré ìlú. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Dìrẹ́tẹ̀, ìyẹn ọ̀gá àgbà, bí ẹni pé mo ní bùrò ńlá kan, ọ́fíìsì tí mo ti ń pàṣẹ. Ohun tí mo ní kò ju ìdì kọ́kọ́rọ́ kan lọ. Mò ń ṣọ́ pápá bọ́ọ̀lù tí eruku pupa rẹ̀ pọ̀ ju koríko lọ, ilé àwọn ọ̀dọ́ tí òrùlé rẹ̀ ń jò, àti ọgbà mẹ́ta. Láàárọ̀, màá ṣí ilé àwọn ọ̀dọ́, màá lọ wo bóyá ẹnì kan tún ti so màlúù mọ́ ọ̀pá góòlù, màá wá gba ẹ̀yìn ọjà bọ́ sí ọgbà tó tóbi jù, èyí tó wà ní ẹsẹ̀ òkè. Bí mo bá dé ibẹ̀, ọkàn mi á ti wà ní pápá.

Ọgbà ẹsẹ̀ òkè yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, tí irun orí mi ṣì kún, a máa ń ka ìwé nípa àwọn ìlú òkèèrè tí wọ́n ní ọgbà, ìjókòó lábẹ́ igi, ọ̀nà tí a to òdòdó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ya irú rẹ̀ fún Dásà, ìlú wa, sínú ìwé mi. Ìwé náà ti sọnù tipẹ́, àmọ́ mo gbé àwòrán náà sórí fún ogójì ọdún. Ohun kan ṣoṣo tí kò bá àwòrán mi mu nínú ọgbà náà ni àpáta pẹrẹsẹ tó wà láàárín rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn obìnrin àdúgbò á ru iṣu tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti bọ̀, wọn á sá a sórí àpáta náà kó lè gbẹ fún èlùbọ́. Gbogbo ibẹ̀ á funfun báláú. Mo fara dà á, n kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ọyẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan dé etí mi. Àwọn awakọ̀ akẹ́rù tó ń gba ọ̀nà Parakú ń fẹ́ ibi tí wọ́n á ti máa dúró sinmi, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ìlú sì ní ọgbà ẹsẹ̀ òkè ló yẹ, nítorí pé kò sí ẹni tó ń lò ó. Mẹ́ẹ̀rì, olórí ìjọba ìbílẹ̀ wa, ní òun àti ìgbìmọ̀ máa wá fojú ara àwọn rí i lọ́jọ́ kẹjọ. Oorun dá lójú mi. Nínú gbogbo Dásà, ibẹ̀ nìkan ni ọmọ kékeré ti lè sáré kí alùpùpù má gbá a.

Mo pinnu pé màá tún un ṣe kí ojú wọn lè rí ọgbà gidi. Mo bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n kó iṣu wọn kúrò fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n kó o, wọn ò bá mi jiyàn. Mo pe alágbàṣe mẹ́ta, wọ́n fi omi fọ àpáta. Ọ̀kan nínú wọn, ará abúlé Gbafo, dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ní, "Bàbá, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ yìí ńkọ́?"

Mo ní, "Gbá gbogbo rẹ̀."

Ó wò mí díẹ̀. Ó gbá a.

Ọmọ Dásà ni mí. Mo mọ ohun tí àwọn òkúta yẹn jẹ́. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀ lórí àpáta, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sílẹ̀ ni ààlà, ìyá ọkọ ló sì máa ń fi í han ìyàwó ilé lọ́dún tó bá kọ́kọ́ wọlé. Ìyá mi ní tirẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìdọ̀tí ni mo rí.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ìgbìmọ̀ dé, mo lọ jókòó sínú ọgbà. Ó mọ́ tónítóní. Kò sì sí ẹnì kankan. Àwọn ọmọ tó máa ń sáré níbẹ̀, ìyá wọn ni wọ́n máa ń bá wá. Ẹlẹ́pà tó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, àwọn obìnrin náà ló ń tà fún. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ibi tí mo fọ̀ mọ́ yìí, bí ẹni pé mo fọ̀ ọ́ sílẹ̀ de ọkọ̀ akẹ́rù ni.

Mo sáré lọ bá ìyàwó olóògbé ẹ̀gbọ́n mi, òun ló jẹ́ àgbà fún àwọn obìnrin náà. Èmi kò tíì tó ẹni tó ń wọ ṣòkòtò nígbà tí wọ́n gbé e wá ilé wa. Akọ̀wé ló máa ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Òun àti obìnrin ilé kejì ń bẹ iṣu.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n máa sá iṣu wọn padà."

"Síbo?"

"Sórí àpáta."

"Ibo lórí àpáta, Akọ̀wé mi? Tèmi dà níbẹ̀? Ìwọ lo gbá a, wá fi hàn mí."

Obìnrin kejì ní, "Ẹ jẹ́ kí Akọ̀wé lọ wo ìwé wọn, bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n má bínú.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ta ló ń bínú? Bí mo bá sá iṣu sí àyè ẹlòmíì, ṣé ìwọ lo máa bá mi gba èébú náà?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù fún wọn. Ẹ̀rín tán. N kò tíì sọ ọ́ fún wọn tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ bùrò ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wọn ru iṣu wá, ìjà sì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti to òkúta sílẹ̀, ẹlòmíì á ṣí i.

"Ibí yìí ni ìyá ọkọ mi fi lé mi lọ́wọ́."

"Ìyá ọkọ rẹ tí kò ríran mọ́? Ààlà wa ló fi lé ọ lọ́wọ́."

Wọ́n yíjú sí mi. Ibì kan ṣoṣo ni mo lè búra lé lórí, àyè ìyá mi, lábẹ́ ibi tí àpáta ti sán, nítorí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án tí àpáta yóò sì jó mi nídìí. Mo lọ dúró síbẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wo ẹsẹ̀ mi pẹ́.

Ó ní, "Ibẹ̀ ni. Láti ibẹ̀ la ti máa kà á. Má yẹsẹ̀."

Báyìí ni mo di ààlà. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi lọ, wọ́n ń to òkúta, wọ́n ń bú ara wọn, àwọn ọmọ ń sáré láàárín wọn, ẹlẹ́pà ti dé. Orí rẹ̀ ni Mẹ́ẹ̀rì àti ìgbìmọ̀ bá wa.

Mẹ́ẹ̀rì ní, "Dìrẹ́tẹ̀, ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀, ká sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ẹ foríjì mí, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ yẹsẹ̀."

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù jù, fẹ́ gun àpáta wá bá mi. Obìnrin mẹ́rin ló jọ pariwo mọ́ ọn pé ó tẹ iṣu àwọn. Ó fà sẹ́yìn, ó ń gbọn bàtà rẹ̀.

Ó ní, "Níbo la fẹ́ kó ọkọ̀ sí níbí, nígbà tí ẹsẹ̀ lásán ò rí ọ̀nà gbà?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìwé jáde pé etí ọ̀nà tó jáde ìlú ni àwọn ọkọ̀ á máa dúró sí.

Ọgbà ṣì wà. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni mo ń lọ síbẹ̀. Àmọ́ ààlà tí wọ́n tò lọ́jọ́ náà kò bá ti àtijọ́ mu pátápátá, kò sì sí ẹni tó lè sọ bí ti àtijọ́ ṣe rí mọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi àti obìnrin ilé kejì, tí wọ́n ti jọ ń bẹ iṣu láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ọkọ, kò kí ara wọn mọ́ nítorí ilẹ̀ àpáta tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ibi tí wọ́n ń jókòó sí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síra. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú ọ̀run ṣú lójijì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè mí.

Ó ní, "Sọ fún un pé kó kó iṣu rẹ̀, òjò ń bọ̀."

Mo rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, mo sọ ọ́ fún un.

Obìnrin kejì ti ń kó iṣu sínú agbọ̀n kí n tó la ẹnu. Ó ní, "Ẹ sọ fún un pé mo gbọ́."