Òdòdó Tó Ń Fẹ́ Òkùnkùn

Onílé wa fi èékánná ha ewé òdòdó náà, bí ẹni pé pupa sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà mi dúró tì í, ó di etí ìró rẹ̀ mú. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń pariwo bọ̀ láti èbúté.

"Oldma, da flower still green-o," ni onílé wí. "If e not red by my daughter wedding, I putting my container right here."

Àgbàlá tí ìyá àgbà mi ń gbin òdòdó sí ní àdúgbò Point Four ló ń tọ́ka sí. Bàbá àgbà mi bá àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wá sí Monrovia nígbà ogun Làìbéríà. Nígbà tó kú, onílé fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún opó rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni ọwọ́ wa sì ti ń kan ẹnu. Ohun kan ṣoṣo ló wá béèrè lọ́dún yẹn: òdòdó Kérésìmesì, èyí tí ewé orí rẹ̀ máa ń pọ́n bí ata lópin ọdún, kí ó fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì.

Ọdọọdún ni òdòdó yìí ń pọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba ìyá àgbà mi, ó sì ṣe ohun tí àwa ọmọ ìjọ nìkan lè ṣe. Láti oṣù kẹwàá ló ti kó gbogbo garawa òdòdó rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó wà lẹ́yìn ògiri, kí wọ́n lè máa gbàdúrà lé wọn lórí. Àkókò ìṣọ́ òru ni. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn, iná funfun ń tàn títí ilẹ̀ fi ń mọ́, àwọn ìyá ìjọ sì ń fi òróró pa etí garawa. Èmi náà ń ṣe àmín títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ewé ń yọ, ó ń dán, ó ń sanra, kò pọ́n.

Ọ̀kan ṣoṣo la kò gbé lọ, torí ìdí garawa rẹ̀ ti lu. Ẹ̀yìn ilé ìdáná la fi í sí, níbi tí iná kankan kì í dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ìyá àgbà mi lọ da omi ẹja nù síbẹ̀, mo sì gbọ́ tí orin dá lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti kúnlẹ̀. Ewé orí òdòdó náà ti ń pọ́n.

"Èyí tí a kò gbàdúrà fún," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. "Iná ni. Ilẹ̀ ti ń tètè ṣú lásìkò yìí, iná ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni kò jẹ́ kí àwọn tó kù mọ̀ pé òru ti gùn."

Kíá ló lọ kó wọn jáde. Pásítọ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ṣé ìgbàgbọ́ yín ti ń mì ni? Àdúrà wa ò tíì parí."

Àwọn ìyá ìjọ ń wò wá. Ojú tì mí débi pé mo ń fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

"Ẹ má bínú, Pásítọ̀," ni ìyá àgbà mi wí. "Ọlọ́run tó dá ìmọ́lẹ̀ náà ló dá òkùnkùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn."

Náílọ̀n dúdú la kọ́kọ́ fi bò wọ́n, a sì bò wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Ooru sè wọ́n, ewé rọ wọ̀ọ̀, ìyá àgbà mi ò sì lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. A wá páálí kiri, a sì ń dúró kí afẹ́fẹ́ òkun kọ́kọ́ tu ilẹ̀ lára kí a tó dé e lé wọn. Ìyá àgbà mi wá di ọ̀tá ohun gbogbo tó ń tàn, tọ́ọ̀ṣì aládùúgbò, àní ìṣáná pàápàá. "Pa á," á wí, ohùn rẹ̀ á le. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí páálí láti wo bóyá wọ́n ti pọ́n.

Nígbà tí ìgbéyàwó fi máa dé, pupa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìdí ewé wọn ni, ọ̀kan ṣoṣo tó ti pọ́n lẹ́yìn ilé ìdáná kò sì lè tó ìgbéyàwó. Onílé wò wọ́n pẹ́.

"Oldma, you try," ló wí jẹ́jẹ́. Òdòdó oníke ló lọ rà. Kò sì pẹ́ tí kọ̀ntẹ́nà rẹ̀ fi dé àgbàlá wa.

Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ntẹ́nà yẹn ni àwọn òdòdó náà ti wá pọ́n tán, gbogbo wọn pátá, nínú ọyẹ́ oṣù kìíní. Mo bú sẹ́kún.

"Wọ́n pẹ́, Màmá."

"Àwa la pẹ́," ló dá mi lóhùn. "Àwọn ò pẹ́." Ó ń nu eruku kúrò lára ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá àgbà mi ti kú báyìí, èmi náà sì ti bímọ. Ọmọ mi obìnrin ò tíì sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọrin. Àwọn ẹbí ń pàtẹ́wọ́ sí i lójú, wọ́n ń ní kó pe omi, kó pe màmá, èmi náà sì ń bá wọn pariwo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí ojú rẹ̀ láàárín gbogbo wa, mo sì rántí àwọn òdòdó lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí wọ́n máa lọ ilé. Mo gbé e sórí ẹsẹ̀, n kò ní kó pe nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó gbé orí lé mi láyà, ó dákẹ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe dákẹ́ yẹn.