Kòtò Tó Wà ní Igun Kẹrin

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni kó máa wá ohun tí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un ò fẹ́ kó rí.

Awalẹ̀pìtàn ni. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́lé ńlá sórí ilẹ̀ kan, ìjọba á ní kó kọ́kọ́ pe awalẹ̀pìtàn, kó wá wò ó bóyá àwọn ará àtijọ́ fi nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀: ìpìlẹ̀ ilé, ààrò, àpáàdì. Àwọn kan nídìí iṣẹ́ yìí ní ọ́fíìsì, wọ́n ní ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní. Òun ni ọ̀gá, òun ni ọmọọṣẹ́, òun náà ló ń ru garawa. Nígbà tó yá, ó ní kí n máa wá bá òun ru garawa. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Òun lọ sí yunifásítì. Bí a bá wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ìyá wa á wò wá láti òkè délẹ̀.

"Ọ̀kan jáde yunifásítì, ọ̀kan sá kúrò níléèwé, ilẹ̀ kan náà lẹ jọ ń wà. Ẹ dá owó iléèwé mi padà."

Bí owó wa ṣe ń wọlé rèé. Kọngílá tó gba iṣẹ́ ilé náà á ní, "Èló lẹ máa gbà lórí gbogbo pápá yìí?" Ẹ̀gbọ́n mi á dárúkọ iye kan. Kọngílá á ní ẹnì kan wà tó máa gba ìdajì ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á gé tirẹ̀. Ó parí nìyẹn. Bí a ò bá rí nǹkan kan, ọjọ́ mẹ́wàá la máa lò. Bí a bá rí nǹkan, a lè lo oṣù kan, iye kan náà ni. Wọ́n ní ẹni tó bá máa gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn. Tiwa kì í ṣe ti ìkà, àmọ́ a máa ń gbàdúrà kó má jìn. Èmi ni mo ń gbàdúrà. Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá rí àpáàdì tí ò ju èékánná lọ, á kúnlẹ̀ tì í bí ìyàwó tuntun tó ń kí ìyá ọkọ rẹ̀.

Bí òjò bá rọ̀, kò sówó. Bí orúnkún bá wú, kò sówó. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ìgbà wo la máa ní ìsinmi.

"Lọ bi ọ̀gá."

"Ẹ̀yin kọ́ lọ̀gá ni?"

"Mo ti bi í. Kò gbà."

Farabalẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, torí ọ̀rọ̀ yẹn kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Irin kékeré tí àwọn bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri la fi ń ha ilẹ̀. Bí mo bá ti ń yára, á ní, "Fara balẹ̀. Ilẹ̀ ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ." Ó tún ní àṣà kan. Bó bá gbẹ́ kòtò tán, kó tó dalẹ̀ padà sí i, á ju owó onírin kan sísàlẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún yẹn gan-an. Ó ní kí ẹni tó bá tún gbẹ́ ibẹ̀ lẹ́yìn òun lè mọ̀ pé ẹnì kan ti wò ó, kó má fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó ọkọ̀ mi lẹ ń sin yẹn o."

Nínú pápá tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n fẹ́ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Òjò pa á fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Mo ní kó lọ sùn. Ó ní ta ló máa sanwó oorun. Nígbà tó gbà láti lọ sí ọsibítù, ó ti pẹ́ jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la sin ín. Mo dúró létí sàréè. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò tọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò tẹ́jú. Mo fẹ́ wọ inú rẹ̀ lọ tún un ha. Àbúrò bàbá wa gbá apá mi mú, ó rò pé mo fẹ́ bá òkú lọ. Mi ò lè sọ fún un pé iṣẹ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ ni ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Igun kan ló kù nínú pápá náà, igun kẹrin. Kọngílá wá kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ó kẹ́dùn, ó mu omi, ó ní bí igun yẹn bá parí kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òun á san gbogbo owó náà fún un. Bí kò bá parí, òun á pe ẹlòmíì, owó onítọ̀hún á sì jáde látinú tiwa. Ọmọ méjì ló wà nílẹ̀. Owó ilé ti tó san.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wò mí. "Ọkọ mi kékeré, ṣé ẹ lè ṣe é?"

"Ṣé garawa nìkan ni mo mọ̀ ọ́n rù ni?"

Garawa nìkan ni.

Ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún mi. "Ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣe ní pápá yẹn ló wà níbẹ̀."

Mo tì í sínú àpò. Mo sọ fún ara mi pé ìwé mẹ́fà ò tó kà á. Irọ́ ni. Ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀ ni mi ò fẹ́ rí.

Lọ́jọ́ Ajé, katakata ti dúró, fóòmáànù kọngílá jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀, ó ń dúró dè mí. Mo ha ilẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, mo rí i: ojú dúdú róbótó kan nínú ilẹ̀ pupa, kò fẹ̀ ju ẹnu garawa lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ti gbẹ́ rí, àwọ̀ rẹ̀ kì í bá ìyókù dọ́gba mọ́.

"Ẹnikẹ́ni má tẹ ibí yìí o!"

Fóòmáànù dìde. "Kí lẹ rí?"

"Ojú òpó, ibi tí wọ́n ri òpó ilé mọ́. Ilé ńlá ló wà níbí láyé àtijọ́. Ó lè jẹ́ ti ọba."

"Ọba inú garawa?"

Mo mọ̀ pé bó bá jẹ́ ilé lóòótọ́, iṣẹ́ náà ò ní parí lọ́jọ́ Ẹtì, owó ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi á lọ. Àmọ́ ọdún mẹ́rìnlá ni ẹ̀gbọ́n mi fi walẹ̀, kò rí ju ààrò lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síwèé pé pápá rẹ̀ ni wọ́n ti rí ààfin. Ká má purọ́, mo fẹ́ kí wọ́n kọ tèmi náà sábẹ́ tirẹ̀.

Mo fi ṣíbí bu ilẹ̀ inú rẹ̀. Mo sẹ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹni sẹ́ ìyẹ̀fun. Ẹ̀gbẹ́ kòtò náà gún régé, ó mọ́. Mo ní, áà, àwọn ará àtijọ́ mọṣẹ́ o! Kò sí àpáàdì kankan níbẹ̀. Mo ní wọ́n ní ìmọ́tótó.

Fóòmáànù ní, "Ṣíbí tẹ́ ẹ fi ń jẹun náà kọ́ nìyẹn?"

"Mo máa ń fọ̀ ọ́."

"Kẹ́ ẹ tó jẹun, àbí kẹ́ ẹ tó gbẹ́lẹ̀?"

Ní Ọjọ́rú, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. Mo ní mo ti rí nǹkan.

"Ṣé ó dáa?"

"Nǹkan ńlá ni."

"Ọkọ mi, mo ní ṣé ó dáa."

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ṣíbí mi kan irin nísàlẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. Owó onírin ni. Ọdún tó kọjá ló wà lára rẹ̀.

Mo fọ ọwọ́ mi, mo ṣí ìwé náà. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni. "Igun kẹrin. Mo gbẹ́ ihò kan láti fi mọ iye tí màá dá lé iṣẹ́ náà. Kò sí nǹkan kan." Ó ya àwòrán rẹ̀ síbẹ̀, róbótó. Ó ti gbẹ́ ẹ kó tó pè mí síbẹ̀ rárá.

Fóòmáànù na ọrùn wo inú kòtò. "Ti ọba ni?"

"Ti ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀rín pa òun náà. Nígbà tó yá, òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Ó rí ojú mi, ó lọ mú garawa kan, ó bá mi rù ú títí ilẹ̀ fi ṣú. A tún padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Kò sí nǹkan kan ní gbogbo ìyókù igun náà. Àdúrà mi gbà. Kọngílá dé ní aago mẹ́rin, ó rìn yí i ká, ó fọwọ́ síwèé, ó kọjá lọ sanwó fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ku kí n dí kòtò náà. Mo dá owó ẹ̀gbọ́n mi padà síbi tó fi í sí. Mo tẹ àpò mi wò. Òfo.

"Fóòmáànù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní owó onírin kan. Tọdún yìí."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ sin ín."

Ó wò mí títí. "Ìgbà wo lẹ máa dá a padà?"

"Ẹ bi ọ̀gá mi."

"Ta lọ̀gá yín?"

"Èmi náà ni."

Ó wá inú àpò rẹ̀ méjèèjì kó tó rí ọ̀kan. Mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, mo dalẹ̀ lé wọn, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo wá ju ọwọ́ sí katakata pé kó máa bọ̀.