Ọ̀rá Tí Christianah Kò Fẹ́ Ya

Àwọn aládùúgbò ní Sábó, ní Yábàá, máa ń sọ pé Christianah Àkàngbé kò ya ọ̀rá kankan rí láyé rẹ̀. Àsọdùn ni. Ó ń ya ti iyọ̀. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá rà ní tuntun, tó sì fẹ́ kó pẹ́, inú ọ̀rá tó bá a wá ni yóò máa wà. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tó ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, àga wọ ọ̀rá, aago ara ògiri wọ ọ̀rá. Ẹni tó bá jókòó díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti rin kó tó dìde.

Ó ní ìdí tirẹ̀. Kó tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó ń tẹ lẹ́tà fún àwọn ọ̀gá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti lò gbó ni wọ́n máa ń gbé fún un. "Èyí tí mo bá fọwọ́ ara mi rà," ló wí, "mi ò ní gbà kó gbó."

Ní 1997, àyè tán nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó lọ sí Òtò, ó ra háàdì-díìsì tuntun, àpótí irin pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí. Julius tó tà á fún un kìlọ̀ pé tí ọ̀rá rẹ̀ bá ti ya, òun kò gbà á padà. Bí ẹni ń kọ́ ẹja bí a ti ń wẹ odò ni.

Jeffrey, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò, ló wá dè é. Ó fẹ́ bọ́ ọ̀rá náà.

"Fi í sílẹ̀ síbẹ̀."

"Àǹtí, wọn kì í gbé e wọlé tọ̀rá-tọ̀rá."

"Jeffrey, ṣé ìwọ lo rà á?"

Jeffrey dá ẹnu ọ̀rá náà lu díẹ̀, ó fa wáyà gba ibẹ̀, ó sì dè é mọ́nú kọ̀ǹpútà.

Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà ti ń dákú. Yóò ṣiṣẹ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ á dúró gbagidi, kò ní gbọ́ bọ́tìnnì kankan mọ́. Tí wọ́n bá pa á, tó sinmi, á tún jí, á tún kú. Yẹ̀kínnì tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní iná ló fà á. Wọ́n pààrọ̀ sitabiláísà. Kọ̀ǹpútà kú. Jeffrey yọ háàdì tuntun, ó fi ti àtijọ́ nìkan ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kò kú títí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù. Ó tún de tuntun mọ́ ọn. Ó kú.

"Háàdì yìí ló bà jẹ́," ni Jeffrey wí. "Ẹ dá a padà fún Julius, kó fún yín ní òmíràn."

Adéwùnmí, akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó lórí àga, gbé orí sókè. "Próójẹ́ẹ̀tì mi ńkọ́?"

"Inú ẹ̀ ló wà," ni Christianah wí.

"Ọ̀la ni mo máa fi sílẹ̀!"

Tí kò bá fi sílẹ̀ lọ́la, kò ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sìnrúùlú, á tún fi ọdún kan sí i sùn ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà kì í sì í ṣe onísùúrù.

Jeffrey yọ háàdì náà síta, ó gbé e lé Adéwùnmí lọ́wọ́. Bóyá kó fi dágbére ni. Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú nù.

"Ó gbóná! Àǹtí, ó gbóná bí àga yín."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Jeffrey wo ọ̀rá náà. Ó wo Christianah. "Mo sọ fún yín o. Ooru ń mú un ni."

"Tí a bá ya á, tó tún kú ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé Julius ò ní gbà á padà nìyẹn."

"Tí a kò bá ya á?"

"Á jẹ́ pé Adéwùnmí ò ní lọ sìnrúùlú nìyẹn."

"Ya á nígbà náà."

Jeffrey kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Ṣé èmi ni mo rà á, Àǹtí?"

Christianah yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó gba háàdì, ó fi eyín já ọ̀rá náà, ó sì fà á ya dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tó ń ya ti iyọ̀.

Kọ̀ǹpútà kò kú mọ́. Wọ́n tẹ orí tó kù, wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé. Adéwùnmí kó o mọ́ àyà, ó dúpẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ni ìgboyà wọ̀ ọ́.

"Àǹtí, ẹ ò wá bọ́ ti àga náà?"

Christianah ń fi aṣọ gbígbẹ nu ọ̀rá ara àga náà lọ́wọ́.

"Àga ò dákú," ló wí.