Ọwọ́ Tí Aránṣọ Gbé Sókè

Aránṣọ kan wà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí oníwà pẹ̀lẹ́. Bí oníbàárà bá ní apá aṣọ ti fún jù, á rẹ́rìn-ín, á tú u, á tún un rán. Wọ́n ní inú rẹ̀ kì í bí. Òun nìkan ló mọ̀ pé inú ń bí òun. Ńṣe ló kàn ń gbé e mì bí oògùn kíkorò.

Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Arúgbó náà ti ń gbàgbé nǹkan: á gbàgbé pé òun ti jẹun, á gbàgbé ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni yóò máa bi ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀: "Ìgbà wo ni bàbá yín ń bọ̀?" Bàbá ọ̀hún sì ti kú tipẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aránṣọ lọ kó aṣọ lórí okùn. Nígbà tó wọlé, ó bá ìyá nídìí ẹ̀rọ, tó ń fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Mo ní kí n bá ọ ṣe díẹ̀ níbẹ̀ ni," ìyá wí, inú rẹ̀ ń dùn.

Aránṣọ kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ gòkè. Ohun tó rí ni pé ìyá fi apá bojú, ó ká kò bí ọmọ tó mọ̀ pé ẹgba ń bọ̀. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó gba àlùmọ́gàjí, ó sì jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

Láti ọjọ́ náà, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ. Oníbàárà bínú, ó sì gbà kó rán òmíràn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Bó bá ń fún ìyá lóúnjẹ, á máa wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ajá tí kò mọ̀ rí. Bí ìyá bá ti la ẹnu láti béèrè bàbá, àyà rẹ̀ á já.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, wá kí wọn. Aránṣọ sọ ọ́ fún un, ilẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ lù wọ́n?"

"Mi ò lù wọ́n. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀."

Àbúrò fa àga sún mọ́ ọn. "Inú ń bí àwa náà ní wọ́ọ̀dù. Inú ara ni ìbínú máa ń há sí, ara náà ló sì gbọ́dọ̀ gbà jáde. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé Màmá wà níbi tí kò séwu, kí ẹ wá kúrò nínú yàrá. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ògiri bí ẹni fẹ́ wó o, títí apá á fi rẹ̀ yín, kí ẹ wá mí kanlẹ̀. Tàbí kí ẹ yára rìn yí ilé ká. Tàbí kí ẹ fún omi kúrò lára aṣọ tútù."

"Ìrọ̀rí ńkọ́? Wọ́n ní kéèyàn máa lu ìrọ̀rí."

"Bí ẹ bá ń lù ú tí ẹ ń rí ojú ènìyàn níbẹ̀, ìbínú lẹ ń bọ́ yẹn. Ògiri ò lójú."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó ti ògiri, ó ń ṣe é bíi pé orí òun ti dàrú. Ìbínú náà kò lọ tán, ṣùgbọ́n ó rọlẹ̀ tó láti padà lọ dáhùn pé, "Wọ́n máa dé, Màmá." Lọ́jọ́ mìíràn ògiri kì í ràn án lọ́wọ́, á fún aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ibùsùn tútù títí ọrùn ọwọ́ á fi máa dùn ún. Síbẹ̀ ẹ̀rù ò lọ. Bí òun ò bá tètè dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan ńkọ́?

Ọjọ́ kan ìyá da omi sórí iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Aránṣọ sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di eyín pọ̀, ó ti ògiri. Ló bá gbọ́ tí sálúbàtà ń wọ́ bọ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ìyá má sún mọ́ òun. Ìyá sún mọ́ ọn, ó wo ògiri, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tínínrín méjèèjì lé e.

"Ṣé ó fẹ́ wó ni?"

Aránṣọ ṣì ń ti ògiri, ìyá sì tún ní:

"Tì í dáadáa. Mo wà ńbí."

Àwọn méjèèjì jọ tì í. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú aránṣọ, kí omi tó dé ojú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ó pe àbúrò rẹ̀, ó ní ẹrù náà ti wọ òun lọ́rùn jù. Àbúrò gbà láti máa gba ìyá lópin ọ̀sẹ̀. Nígbà tí àbúrò mú ìyá lọ lópin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, aránṣọ jókòó, kò gbé abẹ́rẹ́, ó sì ń tẹ́tí sí ilé tó pa lọ́lọ́.