Ọmọ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Fi Sílẹ̀

Bí òórùn ẹja yíyan bá kan mí nímú, etí ọ̀sà tó wà lẹ́yìn Ìsàlẹ̀ Èkó ni ọkàn mi máa ń sá lọ. Ibẹ̀ ni ilé míṣọ̀n wa wà láyé ìgbà yẹn, ilé onípákó tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí gbogbo bẹ́ǹṣì inú rẹ̀ ń run ẹja. Àwọn ọmọ Ẹ̀gùn apẹja là ń kọ́ níwèé. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń wá, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń pa dà sí, àwọn ará àdúgbò a sì máa pè wọ́n ní aláìnílé. Ọmọ Pópó Àgùdà ni mí, káfíńtà ni bàbá mi, mi ò tíì pé ọmọ ogún ọdún, mo sì rò pé Ọlọ́run dìídì rán mi sí àwọn èèyàn yẹn ni. Má rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi. Bí mo bá ti di ṣọ́ọ̀kì mú nígbà náà, mi ò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, á tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó mọ̀wé débi pé bí mo bá ṣi ìṣirò kọ sójú pátákó, á kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu kó tó nawọ́, kí ojú má bàa tì mí. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí ẹja bá ti wọ́n, àwọn òbí wọn á tukọ̀ gba ọ̀nà Bàdágìrì, wọ́n á kó àwọn ọmọ lọ fún oṣù mélòó kan. Bí wọ́n bá dé, ká tún bẹ̀rẹ̀ láti orí a, b, d. Lọ́dún tí èmi fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, mo lọ bá ìyá ọmọ náà létí omi, níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe, mo ní kó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa kó lè ṣe ìdánwò.

Ó ní, “Iṣẹ́ pọ̀ nínú ọkọ̀, tíṣà.”

Mo ní, “Iṣẹ́ kì í tán láyé, mà. Ẹ ṣáà fi í sílẹ̀.”

Mo lọ lọ́jọ́ kejì, mo lọ lọ́jọ́ kẹta. Láyé ìgbà yẹn, ta ló máa kọ̀ fún tíṣà lẹ́ẹ̀mẹta? Ìyá náà wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń wo omi. Wọ́n gbà. Inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Nígbà tí a gba ìsinmi ní Ìbàdàn, mo pa dà sí Èkó, mo ra búrẹ́dì ńlá kan fún ọmọ náà, mo sì gba àárín àwọn ọ̀nà tóóró Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí míṣọ̀n tààrà. Ìyá Ìjẹ̀bú kan tó ń ta ẹní lẹ́nu ọ̀nà wa ló gba àpótí lọ́wọ́ mi.

“Tíṣà mi, jókòó ná. Mu omi.”

“Ẹ ṣé, mà. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo wọn wà?”

“Alihamudulilai. Mu omi ná.”

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ta ni kò mọ̀ pé wọn kì í túfọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìnàjò dé kó tó fi omi tutù sọ́fun? Ṣùgbọ́n mo mu omi náà, mo tún ń fi ẹní rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tí mo gbé ife kalẹ̀ ló di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ní ìjì dé lójú ọ̀sà, ọkọ̀ àwọn òbí ọmọ náà rì, àwọn méjèèjì ti lọ. “Ìwọ lo yọ ọmọ yẹn o,” ó ní, “Ọlọ́run ló lò ẹ́.” Kí n má purọ́ fún ẹ: nínú ẹkún tí mò ń sun, inú mi dùn díẹ̀ sí ara mi.

Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá ọmọ náà. Mo gbá a mọ́ra, ó jẹ́ kí n gbá òun mọ́ra. Mo ní Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ó ní, “Tíṣà, ta ló bá wọn gbọ́n omi?”

Kò yé mi. Ó wá fohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé, bí ìgbà tó ń ka ìwé fún mi: bàbá òun á máa tukọ̀ níwájú, ìyá òun á máa tù ú lẹ́yìn, òun á jókòó sáàárín pẹ̀lú igbá, òun á máa gbọ́n omi tó bá wọlé dànù. Láti kékeré ni òun ti ń ṣe é.

“Bí ìjì bá dé, bàbá mi á ní kí n má wòkè, kí n ṣáà máa gbọ́n ọn.”

Ọkàn mi bàjẹ́ kọjá sísọ. Èmi tí mo máa ń da ìbéèrè bo àwọn ọmọ ní kíláàsì, mi ò béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé irú iṣẹ́ wo ni. Àwọn àgbà sọ fún mi pé igbá ọmọdé ò lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ irú ìjì yẹn, pé òkú mẹ́ta ni ì bá jẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ títí dòní.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá àgbà rẹ̀ fi wá mú un lọ. Arúgbó náà kúnlẹ̀ fún mi, èmi ọmọ àná, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ síwájú mi. “Ẹ ṣé o, tíṣà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ká rí ọ̀kan mú relé.” Gbogbo míṣọ̀n ń ṣe àmín. Ọmọ náà ti wọ inú ọkọ̀ ní tirẹ̀, ó jókòó sáàárín, ó dojú kọ omi.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń dúpẹ́ oore lọ́wọ́ mi, ojú ẹni tí mo ṣe oore fún ni mo kọ́kọ́ máa ń wá. Ọmọ yẹn ò wo ọ̀dọ̀ mi títí ọkọ̀ fi lọ.